Kí Inú Ọkọ̀ Káńpà Má Ṣe Há Mọ́ Yín: Ìtọ́sọ́nà Láti Orí Irin Lásán Dé Ọjọ́ Ìrìn-àjò

Lọ́jọ́ tí èèyàn bá ra bọ́ọ̀sì akẹ́rù tó fẹ́ sọ di káńpà (ọkọ̀ tí èèyàn lè sùn, kó sì dáná nínú rẹ̀), inú rẹ̀ máa ń tóbi lójú. Irin lásán ni. Bẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ohùn á máa dún padà. Tí pákó, bẹ́ẹ̀dì, síńkì àti kọ́bọ́ọ̀dù bá wọlé tán, ẹni méjì ò ní lè kọjá lára ara wọn mọ́ àfi tí ẹnì kan bá gun bẹ́ẹ̀dì. Ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń sáré ṣe nígbà náà ni pé wọ́n á kun gbogbo ẹ̀ ní funfun, wọ́n á lẹ dígí mọ́ ògiri, wọ́n á tan iná sí i. Ọkọ̀ á mọ́lẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n á ṣì há.

Ẹ̀bi ọ̀dà kọ́. Láti àyà sókè ni ọkọ̀ ti ń há. Ojú ló ń kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ibì kan gbà, kí ara tó mọ̀: tí ojú bá lè lọ láti gíláàsì iwájú dé ti ẹ̀yìn láìbá nǹkan pàdé, mítà mẹ́ta tó èèyàn méjì. Tí kọ́bọ́ọ̀dù bá dí i lọ́nà, mítà mẹ́rin ò ní tó. Ẹrù nísàlẹ̀, òfìfo lókè: orí ìyẹn ni gbogbo ìpele tó tẹ̀ lé e yìí dúró, ẹ sì ní láti gbà kí ibi ìkẹ́rùsí díẹ̀ lọ nítorí rẹ̀. Ẹni tí ò bá lè gbà bẹ́ẹ̀, kó má wulẹ̀ ka ìyókù.

Àwa tá a wà nílùú Ọba ni mo ń bá sọ̀rọ̀, torí náà ọkọ̀ tó pọ̀ lọ́jà níbí ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ: Fiat Ducato L2H2 (L2 ni gígùn àárín, H2 ni gíga àárín). Ọmọ ìyá kan náà ni òun, Peugeot Boxer àti Citroën Relay. Ibi ẹrù rẹ̀ gùn tó mítà 3.12, ó ga tó 1.93, ó fẹ̀ tó 1.87 níbi tó fẹ̀ jù, àárín gegele táyà méjèèjì sì jẹ́ 1.42. Tó bá jẹ́ Volkswagen Transporter olórùlé kúkúrú ni tiyín (àbúrò àwọn danfo tá a mọ̀ l'Ékòó ni), òrùlé rẹ̀ ò tó mítà 1.5 nínú. Ìtọ́sọ́nà yìí á ṣì wúlò fún yín, àmọ́ ẹ ò ní lè nàró àfi tí wọ́n bá gé òrùlé náà, kí wọ́n fi irú èyí tó ń gbéra sókè sí i. Iṣẹ́ yẹn kì í ṣe tiyín. Ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Ohun tẹ́ ẹ máa nílò

- Tépù ìwọ̀n, ìwọ̀n ìtẹ́jú olómi, tépù bébà tí àwọn akunlé ń lò, àti páálí ńláńlá. Ilé ìtajà fíríìjì máa ń kó irú páálí bẹ́ẹ̀ dànù.
- Pláíwúùdù pópúlà, tó fúyẹ́: mìlímítà 4 fún òrùlé àti ògiri, 9 fún ilẹ̀, 12 tàbí 15 fún kọ́bọ́ọ̀dù. Pákó bíìṣì lẹ́wà, ó sì lágbára, ṣùgbọ́n ó wúwo jù ú lọ dáadáa.
- Fóòmù dúdú alẹ̀mọ́ra tí omi kì í wọ̀, mìlímítà 19 tàbí 25, fún ògiri àti òrùlé. Fóòmù líle pẹlẹbẹ, mìlímítà 10, fún ilẹ̀.
- Jígísọ́ọ̀ àti ayùn irin rẹ̀, díríìlì, fáìlì, ọ̀dà ìpìlẹ̀ tó ń dènà ìpẹtà, àti lẹ́ẹ̀ wíńdò ọkọ̀.
- Wíńdò méjì ó kéré tán, àti ilẹ̀kùn òrùlé kan, ìyẹn fèrèsé orí òrùlé tó ń ṣí sókè.
- Iná LED fóòtì 12 tó rí bíi tépù, ẹ̀rọ tó ń dín iná kù, wáyà, fíúùsì.
- Awò ìdáàbòbò ojú, ìbòmú, àti ohun ìdíwọ́ ariwo fún etí.

Ẹ má tíì ra bẹ́ẹ̀dì, síńkì tàbí fíríìjì. Ẹni tó bá ra fíríìjì kó tó wọn ọkọ̀, fíríìjì ló máa pinnu bí ọkọ̀ náà ṣe máa rí.

Ìpele 1: Ẹ fi páálí kọ́ ọ ná

Ẹ gbé ọkọ̀ síbi títẹ́, ẹ gbá inú rẹ̀ mọ́. Kẹ́ ẹ tó fa ìlà kankan fún bẹ́ẹ̀dì, ẹ kọ́kọ́ lẹ tépù sílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 3 sí ògiri kọ̀ọ̀kan yíká. Ibẹ̀ ni fóòmù àti pákó máa gbà. Ọ̀pọ̀ ni kì í rántí ìyẹn. Wọ́n á wọn irin sí irin, tí kọ́bọ́ọ̀dù bá dé, kò ní wọlé.

Lẹ́yìn náà, ẹ fa ìlà kan yí ògiri ká, ní sẹ̀ǹtímítà 100 sókè láti ilẹ̀. Ẹ fi tépù tó hàn kedere ṣe é, torí òun ni ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí. Ẹni tó bá jókòó lórí àga lásán, ojú rẹ̀ máa ń wà díẹ̀ lókè ìlà yẹn. Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ́, bẹ́ẹ̀dì, ìdáná, fíríìjì, abẹ́ ìlà ni kó parí sí. Àyè kan péré la máa fi sílẹ̀ lókè rẹ̀, a ó débẹ̀ ní ìpele 6.

Wàyí o, ẹ gé páálí, kẹ́ ẹ fi kọ́ gbogbo nǹkan ní gíga àti ìbú rẹ̀ gan-an. Ẹ má fi tépù orí ilẹ̀ nìkan tẹ́ra yín lọ́rùn. Tépù orí ilẹ̀ kì í dí ẹnikẹ́ni lójú, kì í sì í gbá èèyàn ní ìgbọ̀nwọ́.

Kẹ́ ẹ wá gbé inú rẹ̀ bí ẹni tó ti kó dé. Kí ẹnì kan dúró nídìí páálí ìdáná, kí ẹnì kejì wọlé láti ẹ̀gbẹ́, kó kọjá lẹ́yìn rẹ̀ lọ sí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ bọ́ ṣòkòtò níbẹ̀, ẹ wọ̀ ọ́ padà. Ẹ ṣe bí ẹni ń wá bàtà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì lóru. Tó bá jẹ́ ilé yín ni wọ́n ti ń ro àmàlà, kí ẹni tó máa rò ó di omorogún mú, kó sì ṣe é bó ṣe máa ń ṣe é gan-an. Àwòrán káńpà tí àwọn òyìnbó ń yà ò ro ti ẹni tó ń ro àmàlà mọ́ ọn: tábìlì ìdáná wọn máa ń ga tó sẹ̀ǹtímítà 90, tí ẹ bá tún gbé sítóòfù àti ìkòkò lé e, apá ò ní rí agbára lò. Sẹ̀ǹtímítà 80 sí 85 ló dáa fún wa, ó sì tún bọ́ sábẹ́ ìlà.

Àwa tó jẹ́ pé òde àríyá la máa ń torí ẹ̀ lọ sí ìlú mìíràn, ẹ ronú agbádá àti gèlè báyìí, kó má di ọjọ́ ìrìn-àjò. Ibi ìgbáṣọkọ́ tó ga láti òkè dé ilẹ̀ máa ń jẹ àyè tó pọ̀ jù, ó sì máa ń dúró gbágbáágbá lójú. Ẹ wá ibi tẹ́ ẹ lè tẹ́ aṣọ sí pẹrẹsẹ lórí bẹ́ẹ̀dì títí tẹ́ ẹ ó fi débẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ jókòó sórí àga iwájú, kẹ́ ẹ wẹ̀yìn. Ṣé ẹ rí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn láti apá kan dé apá kejì lókè ìlà? Ṣé ẹni méjì kọjá lára ara wọn láìgun nǹkan? Tí ọ̀kan bá kùnà, páálí lẹ máa tún gé, owó ò tíì jáde. Ẹ fi páálí náà sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbà pé ó ti dáa.

Ìpele 2: Ẹ so iwájú pọ̀ mọ́ ẹ̀yìn

Bọ́ọ̀sì akẹ́rù máa ń ní irin ìdábùú lẹ́yìn dírẹ́bà. Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́, gbogbo ibi ìjókòó iwájú á di ara yàrá. Kò sí iṣẹ́ mìíràn nínú ìtọ́sọ́nà yìí tó ń fúnni láyè púpọ̀ bẹ́ẹ̀ lówó pọ́ọ́kú. Bóòtù ló di èyí tó pọ̀ jù mú. Tí wọ́n bá jó tiyín pọ̀ mọ́ ara ọkọ̀, ẹ pe wẹ́dà.

Ẹ ṣọ́ra: Irin ìdábùú nìkan lẹ máa yọ. Òpó tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn dírẹ́bà àti ọ̀pá irin tó dábùú òrùlé ló ń gbé ọkọ̀ ró. Ẹ má fi ayùn kàn wọ́n. Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ fún ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì yín pé ẹ fẹ́ yí ọkọ̀ padà. Ẹni tí ò bá sọ lè má rí owó gbà lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. DVLA, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀, náà gbọ́dọ̀ gbọ́ tí iṣẹ́ bá parí.

Tí ìjókòó oníméjì bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, ẹ fi ẹlẹ́nìkan rọ́pò rẹ̀ kí ọ̀nà lè là láàárín. Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ wá fi irin ayípo sábẹ́ ìjókòó kí ó lè kọjú sẹ́yìn. Irin tí wọ́n ṣe fún irú ọkọ̀ yín gan-an ni kẹ́ ẹ rà, èyí tí wọ́n ti dán wò pẹ̀lú bẹ́líìtì. Àga méjì lẹ ti rí gbà sínú yàrá yẹn láìkan pákó kankan. Nígbà mìíràn, tí ìjókòó bá ti yí, ẹsẹ̀ á máa rọ̀ lófuurufú. Àpótí pẹlẹbẹ tẹ́ ẹ lè tì sábẹ́ ẹsẹ̀ á yanjú ẹ̀, bàtà sì lè máa gbénú ẹ̀. Tí bíréèkì ọwọ́ bá dí ìyípo, tó di dandan kẹ́ ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, kí ọkọ̀ wà nínú gíà lórí ilẹ̀ títẹ́, kẹ́ ẹ sì fi nǹkan di táyà mú.

*Àyẹ̀wò:* Ìjókòó gbọ́dọ̀ yí lọ yí bọ̀ láìha ilẹ̀kùn, kó sì ké "kà" nígbà tó bá padà síwájú. Ẹ fi gbogbo agbára mì ín. Tó bá mì, ọkọ̀ yẹn ò gbọdọ̀ jáde.

Ìpele 3: Wíńdò àti ilẹ̀kùn òrùlé

Ìpele yìí gbọ́dọ̀ ṣáájú fóòmù àti pákó. Ẹni tó bá gbẹ́yìn ṣe é á tún tú ògiri rẹ̀.

Wíńdò kan ṣoṣo kì í tó. Méjì tó dojú kọra ni kẹ́ ẹ wá, ọ̀kan lára ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́, ọ̀kan níwájú rẹ̀ lápá kejì, kí ojú lè gba inú ọkọ̀ kọjá bọ́ sí ìta. Gíláàsì dúdú tí ará ìta kì í rí inú rẹ̀ dáa, torí ẹ̀yin ṣì máa rí òde. Tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn bá ní gíláàsì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi pákó bò ó torí olè. Kọ́tìnì ni kẹ́ ẹ fi ṣe é.

Ilẹ̀kùn òrùlé oníwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 40 sí 40 ló wọ́pọ̀. Èyí tó jẹ́ 70 sí 50 wọ́n jù ú lọ, ṣùgbọ́n tí owó bá wà, òun ni kẹ́ ẹ rà. Ìmọ́lẹ̀ tó ń tòkè bọ̀ yàtọ̀ pátápátá. Ibi tẹ́ ẹ ti ń dúró jù, nídìí ìdáná, ni kẹ́ ẹ gbé e sí, kì í ṣe orí bẹ́ẹ̀dì bí ọ̀pọ̀ ti ń ṣe. Ooru ọbẹ̀ á ríbi jáde, ẹni tó ga á sì rí sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ kún orí rẹ̀ níbi tó nílò ẹ̀.

Bẹ́ ẹ ṣe máa gé e: láti inú, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá wáyà tàbí ọ̀pá irin gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ lẹ tépù bébà mọ́ ara ọkọ̀ níta, ẹ ya àwòrán sórí rẹ̀, ẹ lu ihò sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kẹ́ ẹ wá fi jígísọ́ọ̀ gé e pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ fi fáìlì ha ẹnu rẹ̀, ẹ kùn ún ní ọ̀dà ìpìlẹ̀, kí ó gbẹ kí lẹ́ẹ̀ tó kàn án.

Ẹ ṣọ́ra: Èérún irin tó bá já bọ́ sórí òrùlé tàbí sínú ihò ilẹ̀ á dípẹtà kó tó pẹ́, á sì mú ara ọkọ̀ mọ́ra. Ẹ gbá gbogbo rẹ̀, ẹ fi mágínẹ́ẹ̀tì tọ ipa rẹ̀. Ẹ̀bá ihò tí wọn ò kùn ló máa ń jẹrà jù lára káńpà tí àwọn èèyàn ń tà.

*Àyẹ̀wò:* Tí lẹ́ẹ̀ bá gbẹ tán bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára rẹ̀, ẹ fi họ́ọ̀sì da omi lé e fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹnì kan wà nínú pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti bébà ìnulẹ̀. Tí bébà bá tutù níbì kan, ẹ tún un ṣe kẹ́ ẹ tó lọ síwájú.

Ìpele 4: Ilẹ̀, ògiri, òrùlé

Ibí ni wọ́n ti ń jí gíga yín lọ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ń gbà ṣe é: igi tẹ́ẹ́rẹ́ mìlímítà 25 sórí ilẹ̀, pákó 12 lé e, kápẹ́ẹ̀tì ọ̀rá 3. Ó di 40. Òkè náà, igi 25 àti pákó olójú-ìlà 9. Ó di 34. Àpapọ̀ 74: mítà 1.93 ti di nǹkan bíi 1.86. Ẹni tó ga tó 1.83, tó wọ bàtà, orí rẹ̀ á máa ha òrùlé.

Ọ̀nà mìíràn nìyí. Ilẹ̀ bọ́ọ̀sì máa ń ní poro-poro. Ẹ gé fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ kún inú poro wọ̀nyẹn kí ilẹ̀ lè tẹ́. Fóòmù líle 10, pákó 9, kápẹ́ẹ̀tì ọ̀rá 2, ó jẹ́ 21. Lókè, ẹ fi fóòmù sáàárín àwọn egungun irin òrùlé, kẹ́ ẹ wá kan pákó 4 mọ́ egungun náà tààrà. Gbogbo gíga tó lọ, tilẹ̀ tòkè, ò ju 25 lọ. Ẹ ti gba sẹ̀ǹtímítà 5 padà, sẹ̀ǹtímítà 5 yẹn ló sì ń mú kí èèyàn nàró láìtẹrí. Òtútù á wọlé díẹ̀ ju ti ọ̀nà àkọ́kọ́ lọ, òótọ́ ni. Èmi á gbà kí n wọ ìbọ̀sẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra: Fóòmù gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ irin pinpin. Tí afẹ́fẹ́ bá ríbi wọ àárín wọn, èémí yín á di omi lórí irin tútù lóru, irin á máa làágùn lẹ́yìn ògiri níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti rí i. Ẹ fi spírítì nu irin kẹ́ ẹ tó lẹ̀ ẹ́, ẹ má sì ṣe é lọ́jọ́ tí òtútù bá mú gan-an, torí gọ́ọ̀mù rẹ̀ ò ní dì mọ́ ọn.

Ògiri Ducato máa ń tẹ wọlé bó ṣe ń lọ sókè. Ẹ jẹ́ kí pákó tẹ̀ lé e. Àwọn kan máa ń fi igi sí i kí ògiri lè nàró gbọọrọ bíi ti ilé. Àyè tó ń lọ lọ́nà bẹ́ẹ̀ wà ní gíga èjìká, ibi tẹ́ ẹ ti nílò ẹ̀ jù lọ.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ fi ìka kan òrùlé ní ibi púpọ̀: ohùn tó dì ló yẹ kó dún. Ibi tó bá dún bíi páànù ṣófo, fóòmù ti já níbẹ̀. Kí ẹni tó ga jù nínú yín wọ bàtà, kó rìn láti ẹ̀yìn dírẹ́bà dé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

Ìpele 5: Bẹ́ẹ̀dì

Bẹ́ẹ̀dì ló ń jẹ ilẹ̀ jù, torí náà ìbéèrè àkọ́kọ́ ni ibi tó máa kọjú sí. Tó bá tẹ̀ lé gígùn ọkọ̀, á jẹ mítà 1.9 nínú 3.12. Tó bá dábùú, á jẹ bíi 1.25 péré. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 60 lọ, ìyẹn ìdáná odidi kan.

Ìdí tí mo fi mú Ducato nìyẹn: ó fẹ̀ ju Sprinter àti Transit lọ. Ẹni tí kò bá ga ju 1.75 lọ lè sùn ní ìdábùú lẹ́yìn tí pákó ògiri bá ti wọlé. Ẹni tó bá ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó dùbúlẹ̀ lórí páálí ìpele 1 ní alẹ́ kan kó tó pinnu, kó má bàa máa ká eékún títí ọjọ́ ayé. Fún irú wọn, bẹ́ẹ̀dì onífífà ló dáa: lọ́sàn-án, ó jẹ́ bẹ́ǹṣì, lóru, pákó kejì á jáde láti abẹ́ rẹ̀.

Gíga rẹ̀ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ máa ń gbé bẹ́ẹ̀dì sókè gan-an kí kẹ̀kẹ́ lè wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ lóòótọ́, kò sí wàhálà. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé báàgì ló máa wà níbẹ̀, ẹ ti kọ́ ògiri sáàárín ọkọ̀ lásán. Kí pákó bẹ́ẹ̀dì wà ní sẹ̀ǹtímítà 75 sí 80, kí fóòmù ìsùn jẹ́ 10. Ó ku bíi mítà kan sí òrùlé, ẹni tó jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì lè nà sókè, bẹ́ẹ̀dì ò sì kọjá ìlà 100.

Iwájú bẹ́ẹ̀dì, ẹ má fi pákó dí i dé ilẹ̀. Ẹ jẹ́ kó dúró lórí ẹsẹ̀, kí kápẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ wọ abẹ́ rẹ̀ lọ. Ilẹ̀ tí ojú bá ń rí, kódà tí ẹsẹ̀ ò lè débẹ̀, ó ń kà á mọ́ àyè. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ bo ẹrù abẹ́ rẹ̀, ẹ fi aṣọ tó jọ àwọ̀ ògiri ṣe é.

Fóòmù ìsùn tẹ́ ẹ bá gbé lé pákó tó dì pa láìsí ihò á rẹ lábẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ nígbà òtútù. Ẹ lu ihò sí pákó tàbí kẹ́ ẹ lo igi tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní àlàfo láàárín.

*Àyẹ̀wò:* Ẹni méjì sùn, ẹnì kan dìde lóru láìjí ìkejì. Láti orí àga iwájú, ẹ ṣì ń rí gíláàsì ẹ̀yìn.

Ìpele 6: Ìdáná àti kọ́bọ́ọ̀dù

Nílé, kọ́bọ́ọ̀dù ìdáná máa ń jìn tó sẹ̀ǹtímítà 60. Nínú ọkọ̀, 45 ti tó, 40 pàápàá bí síńkì bá kéré. Ẹ gbé e sẹ́yìn dírẹ́bà, kí ó dojú kọ ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́, torí nílùú Ọba apá òsì ni ilẹ̀kùn yẹn máa ń wà. Ẹni tó ń dáná á ní òde lẹ́yìn rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣí ilẹ̀kùn, yàrá ti di méjì. Ohun tó ń dùn mí jù nínú káńpà àwọn èèyàn ni kọ́bọ́ọ̀dù tó wọ iwájú ilẹ̀kùn yẹn tó sì gbà á dé ìdajì: gbogbo ìgbà tí wọ́n bá wọlé ni wọ́n á máa fi ẹ̀gbẹ́ rìn.

Ẹ jẹ́ kí ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù wọnú ní sẹ̀ǹtímítà 6 sí 8 kí orí bàtà lè ríbi wọ̀. Ìgbà yẹn lẹ máa lè sún mọ́ tábìlì láìfi ìdí ti nǹkan lẹ́yìn. Àpótí onífífà sàn ju kọ́bọ́ọ̀dù onílẹ̀kùn lọ, torí ẹ ò ní kúnlẹ̀ láàárín ọ̀nà láti wá iyọ̀.

Ní ti kọ́bọ́ọ̀dù òkè, ẹ rántí àyè kan tí mo ní a máa fi sílẹ̀. Apá kan ṣoṣo, lókè bẹ́ẹ̀dì, kí jíjìn rẹ̀ má ju 25 lọ, kí iwájú rẹ̀ sì dagun bí òrùlé ṣe dagun. Ó parí. Tí wọ́n bá wà lápá méjèèjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jìn tó 30, wọ́n ti gba 60 ní gíga orí, níbi tí ọkọ̀ ti ń dín kù tẹ́lẹ̀. Ẹ lè ní, "Níbo la wá fẹ́ kó abọ́ sí?" Abọ́ mélòó? Èèyàn méjì nílò àwo mẹ́rin, ìkòkò méjì, omorogún kan. Gbogbo rẹ̀ á gba àpótí onífífà kan.

Ẹsẹ̀ tábìlì máa ń dí ọ̀nà. Ẹ ra èyí tó dúró lórí apá irin kan tó ń yí, tẹ́ ẹ lè yọ.

Ẹ ṣọ́ra: Bóòtù tó wọnú irin ọkọ̀ ni kó di gbogbo nǹkan mú, kì í ṣe skúrúù tó wọ pákó mìlímítà 4 nìkan. Tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì lójijì, kọ́bọ́ọ̀dù tó já á bá yín níwájú. Tẹ́ ẹ bá sì ń lo gáàsì, ihò tó wà nílẹ̀ fún gáàsì láti jáde ò gbọdọ̀ dí, nítorí gáàsì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ló ń kó jọ sí. Ẹ ra ẹ̀rọ tó ń ké tí èéfín olóró bá wà, ẹ sì jẹ́ kí oníṣẹ́ gáàsì tó níwèé àṣẹ so gáàsì náà.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ di gbogbo ẹrù sípò, kẹ́ ẹ wa ọkọ̀ ní òpópónà tó ní gegele. Ibi tó bá ń pariwo ló ń mì; ẹ wá a kàn.

Ìpele 7: Àwọ̀, iná, kọ́tìnì, dígí

Mo fi ìyí sí ìkẹyìn nínú iṣẹ́ kíkọ́ torí pé òun ló rọrùn jù, òun náà ni àwọn èèyàn sì máa ń kọ́kọ́ ṣe.

Àwọ̀ kan náà ni kí ògiri àti òrùlé jẹ́, kí ojú má rí ibi tí wọ́n ti pàdé. Funfun tó rọ̀ díẹ̀ sí ti ẹyin dáa ju funfun gbòò lọ. Funfun gbòò lábẹ́ iná LED á sọ ọkọ̀ di wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn. Kí iwájú kọ́bọ́ọ̀dù sún mọ́ àwọ̀ ògiri, kí ilẹ̀ dúdú jù wọ́n lọ díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ àdìrẹ tàbí àńkárá, ìrọ̀rí ni kẹ́ ẹ fi rán. Tó bá di kọ́tìnì ńlá, á gba gbogbo ojú.

Ẹ má gbé gílóòbù kan ṣoṣo sáàárín òrùlé. Ẹ fi iná LED tó rí bíi tépù sẹ́yìn igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan níbi tí ògiri ti pàdé òrùlé, kí ìmọ́lẹ̀ máa ta sókè, kí ẹnikẹ́ni má rí iná náà fúnra rẹ̀. Ẹ yan 2700K sí 3000K, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ tó ní àwọ̀ yẹ́lò díẹ̀ bíi ti gílóòbù àtijọ́. Èyí tó ń jẹ wáàtì 4.8 fún mítà kan tó: mítà 5 jẹ́ wáàtì 24, ìyẹn áḿpù 2 lórí fóòtì 12. Ẹ fi fíúùsì áḿpù 3 sí ẹ̀gbẹ́ bátìrì, kì í ṣe sídìí iná. Òmíràn kúkúrú lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì á jẹ́ kí ilẹ̀ gùn lóru.

Irin kọ́tìnì gbọ́dọ̀ gùn ju wíńdò lọ lápá méjèèjì kí aṣọ lè kúrò lórí gíláàsì pátápátá tẹ́ ẹ bá ká a. Ní ti dígí, ẹyọ kan, onírọ́bà líle tí kì í fọ́ wẹ́wẹ́, níbi tó ti máa dojú kọ wíńdò. Dígí tó dojú kọ kọ́bọ́ọ̀dù, kọ́bọ́ọ̀dù kejì ló máa fi hàn yín.

*Àyẹ̀wò:* Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ tan iná ògiri nìkan. Tẹ́ ẹ bá rí òjìji dúdú níbì kan ní igun òrùlé, ẹ sún iná náà títí á fi lọ.

Ìpele 8: Ẹ kó ẹrù wọlé, ẹ wọ̀n ọ́n

Ẹrù tó ń dúró gbagidi máa ń jẹ àyè kódà nígbà tó bá ṣófo, àpótí ọ̀rá pàápàá. Báàgì rírọ̀ ń fẹ́lẹ̀ bí nǹkan inú rẹ̀ ṣe ń dín kù. Ẹ má rẹ́rìn-ín, Ghana Must Go wúlò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ju ọ̀pọ̀ àpótí olówó ńlá lọ. Ẹ kó èyí tó wúwo sí ìsàlẹ̀, sún mọ́ àárín àwọn táyà. Kọ́bọ́ọ̀dù òkè, aṣọ àti búrẹ́dì nìkan.

Tí gbogbo rẹ̀ bá ti wọlé, ẹ bu omi kún táǹkì, kí ẹ̀yin méjèèjì wọlé, kẹ́ ẹ gbé ọkọ̀ lọ sórí ìwọ̀n ọkọ̀ ńlá. Àwọn kan lára ibi tí wọ́n ti ń ra irin àlòkù ní i. Wọ́n á wọ̀n ọ́n lápapọ̀, kẹ́ ẹ sọ pé kí wọ́n wọn táyà iwájú àti tẹ̀yìn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó yege ìdánwò mọ́tò nílùú Ọba láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 1997, láísẹ́ǹsì kátígórì B lásán ò gbà á láyè láti wa káńpà oní-dísẹ́ẹ̀lì tí àpapọ̀ ìwọ̀n tí wọ́n fọwọ́ sí fún un bá ju kílò 3,500 lọ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwọn Ducato kan wà tí wọn ò fọwọ́ sí ju 3,000 tàbí 3,300 lọ fún. Nọ́ńbà tó wà lára àwo irin ọkọ̀ yín lẹ máa tẹ̀ lé.

*Àyẹ̀wò:* Àpapọ̀ ìwọ̀n, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn, kò gbọdọ̀ ju ohun tó wà lára àwo yẹn lọ. Tó bá jù, ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí kọ́bọ́ọ̀dù òkè. Òun náà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tú.